Eṣinṣin èso pòórá lẹ́ẹ̀rùn, òjò méjì rọ̀, ó kún inú ìdẹ. Níbo ló wà látọjọ́ yìí?

ỌmọOlóko

Ẹ kú iṣẹ́ oko o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye. Ọsàn mímu àti tánjárínnì ló pọ̀ jù nínú oko mi, igi ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ wà létí ọgbà. Mo gbé ìdẹ mẹ́fà kọ́ sórí igi kí n lè mọ ìgbà tí eṣinṣin èso bá dé. Ife oníke tó ní ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni. Òwú tí wọ́n rẹ sínú methyl eugenol, òróró olóòórùn tó ń fa eṣinṣin wá, wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú oògùn tó ń pa ohun tó bá wọlé.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mú janjan, ẹyọ kan, ẹyọ méjì ni mò ń rí lọ́sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mìíràn, òfo. Mo ní oko mi ti bọ́ nìyẹn, mi ò yẹ ìdẹ wò mọ́. Òjò àkọ́rọ̀ wá dé. Òjò gidi méjì péré ló rọ̀, mo ní kí n lọ wò ó. Mo da ìdọ̀tí inú ife nù, mo pààrọ̀ òwú, mo padà lẹ́yìn ọjọ́ méje: eṣinṣin 84 nínú ife mẹ́fà! Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n má baà parọ́ fún yín.

Níbo ni wọ́n wà látọjọ́ yìí? Ṣé kí n tètè fín oògùn ni? Tánjárínnì mi ti ń yí àwọ̀ bọ̀.

Ọ̀dọ́Àgbẹ̀

Kí lo tún ń bi wá sí? 84 lo kà! Gbé páǹpù kọ́ ẹ̀yìn, fín gbogbo oko láti orí igi dé ìdí, kí o tún un fín lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó bá ń ro èrò lásìkò yìí, ìdin ni yóò kórè.

BàbáỌlọ́sàn

Ọ̀dọ́Àgbẹ̀, fara balẹ̀ ná, kò sẹ́ni tó ń lé wa.

ỌmọOlóko, kọ́kọ́ bá mi ṣe ìṣirò yìí. Iye eṣinṣin tí o kà, pín in sí iye ife, kí o tún pín in sí iye ọjọ́. 84, ife 6, ọjọ́ 7: eṣinṣin 2 fún ife kan lójúmọ́. Iye yìí ni kí o máa kọ sínú ìwé, má kọ 84. Bí o bá yẹ ìdẹ wò lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún lónìí, tí o sì jẹ́ kó di ọjọ́ mẹ́wàá nígbà mìíràn, ohun tó wà nínú ife yóò tàn ọ́ jẹ. Eṣinṣin lè má pọ̀ sí i rárá, ọjọ́ ni kò dọ́gba. Ìṣípòpadà láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ ni kí o máa wò. Oko tó ń ka 2, 2, 1, ọkàn mi balẹ̀ sí i. Èyí tó ka 0, ó ka 2, ó wá ka 7, oorun kò ní kùn mí.

Ọ̀rọ̀ òwú tuntun yẹn náà wà níbẹ̀ o. Òwú tó ti gbé oṣù mélòó kan lórí igi nínú oòrùn, òórùn rẹ̀ ti fẹ́ lọ. Nítorí náà, apá kan nínú òfo tó ò ń rí yẹn, òwú ló gbẹ. Èmi náà ti jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀. Lọ́dún kan, mo kọ òfo fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko, mo sì ń fi ìwé náà han ẹnikẹ́ni tó bá yà sóko mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wá bá mi ká ọsàn ló gbé ife kan sí imú, ó ní, "Bàbá, èyí kò rùn o." Mo pààrọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ife ti dúdú fún eṣinṣin. Ojú tì mí débi pé mo ya ìwé yẹn.

Ní ti ibi tí wọ́n wà: eṣinṣin yìí kì í ṣe ẹrú ọsàn. Máńgòrò ló fẹ́ràn jù, ó ń jẹ gúáfà, ó ń jẹ ìbẹ́pẹ, ó ń jẹ èso igbó tí àwa kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Bí eléyìí bá ń tán, òmíràn ń pọ́n. Igi gúáfà kan ṣoṣo tó ń so lásìkò tí kò yẹ, lẹ́bàá odò tàbí lẹ́yìn ilé ẹnìkan, ó tó kó ìran rẹ̀ já ẹ̀ẹ̀rùn. Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Wá igi yẹn kí o tó wá páǹpù.

Olùkọ́Kòkòrò

Bàbá ti sọ ti oúnjẹ, ẹ jẹ́ kí n fi ti ilẹ̀ àti ojú ọjọ́ kún un.

Abo á fi ìdí rẹ̀ tó mú bí abẹ́rẹ́ gún èèpo èso, á yé sábẹ́ rẹ̀. Ẹyin funfun tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó tẹ̀ díẹ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀, gígùn rẹ̀ bí mìlímítà kan. Láàárín ọjọ́ 1 sí 3, ó ti di ìdin. Nígbà ooru, ìdin á jẹun nínú èso fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá, á jáde, á bọ́ sílẹ̀, á wọ inú ilẹ̀. Kì í lọ jìnnà, sẹ̀ǹtímítà 2 sí 5 ni. Ibẹ̀ ni yóò ti di hóró kékeré aláwọ̀ ilẹ̀, tí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á pè ní irúgbìn koríko. Yóò lo bí ọjọ́ 10 sí 12 níbẹ̀ bí ilẹ̀ bá móoru, eṣinṣin á sì yọ. Abo tuntun kì í yé lójú ẹsẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ jẹun fún bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ẹyin tó gbó nínú rẹ̀. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ jíjẹun yìí sọ́kàn, a ó padà sí i. Láti ẹyin dé ẹyin, ó tó oṣù kan, abo kan sì lè yé ju ẹyin 1,000 lọ kó tó kú.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé hóró inú ilẹ̀ máa ń sùn de òjò. Kì í sùn. Bí ọjọ́ rẹ̀ bá pé, ó yọ, bí kò bá lè yọ, ó kú. Ìdí nìyẹn tí mo fi fara mọ́ ọ̀rọ̀ Bàbá: kò sí ibi tí àwọn eṣinṣin yẹn lọ sùn sí. Wọ́n ń bí, wọ́n ń kú, díẹ̀díẹ̀, níbi tí omi àti èso ò ti tán. Ilẹ̀ gbígbẹ ń fa omi ara hóró, eṣinṣin tó bá sì fẹ́ yọ, ilẹ̀ tó ti le bí àwo ló ń fi orí lù. Àgbà eṣinṣin pàápàá ń wá omi mu kiri. Ìwọ̀n ooru 25 sí 30 ló bá a lára mu jù lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bó bá ti lé ní 35, ìṣòro ti dé bá a.

Òjò àkọ́kọ́ tú gbogbo rẹ̀ ká. Ilẹ̀ rọ̀, ewé lómi lára, èso pọ̀, ẹni mẹ́wàá tó là á já lábẹ́ igi gúáfà di ogunlọ́gọ̀ láàárín oṣù kan tàbí méjì. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé bí òjò bá ṣe ń pọ̀ sí i ni eṣinṣin náà ń pọ̀ sí i. Bí omi bá dúró sórí ilẹ̀, hóró á rì. Bí òjò bá ń dà lójoojúmọ́, eṣinṣin kì í fò dáadáa, abo kì í ráyè yé. Láàárín òjò tó pọ̀ gan-an, iye inú ìdẹ máa ń wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, àwọn kan á sì tún sọ pé oko àwọn ti bọ́.

Ọ̀rọ̀ orúkọ, kí ẹ má baà ṣìnà bí ẹ bá ń ka ìwé. Eṣinṣin tí methyl eugenol ń pè jù nínú oko wa ni Bactrocera dorsalis. Éṣíà ló ti wá. Wọ́n rí i ní Kẹ́ńyà ní 2003, wọ́n fún un lórúkọ tuntun ní 2005, Bactrocera invadens, nítorí wọ́n rò pé ọ̀tọ̀ ni. Nígbà tó di 2015 ni wọ́n gbà pé ti Éṣíà náà ni. Nítorí náà, bí ìwé àtijọ́ bá ń kìlọ̀ nípa invadens, ẹ̀yin ló ń bá wí.

ÌyáTánjárínnì

Ẹ kú iṣẹ́ o. Kí ọmọ wa tó fín ohunkóhun, ṣé ó ti la èso kan wò?

Ìdí tí mo fi ń béèrè ni pé èmi fi odidi àkókò èso kan bá eṣinṣin jà, nígbà tí kì í ṣe eṣinṣin ló ń jẹ mí run. Ọsàn ń já lulẹ̀, mo gbé ìdẹ kọ́, nǹkan tó wọnú rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹni tó tà á fún mi ní kí n gbé méjì sí i kọ́. Mo gbé e kọ́, ọsàn ṣì ń já. Ọjọ́ kan tí inú bí mi ni mo jókòó sábẹ́ igi pẹ̀lú ọ̀bẹ, mo la ogún èso, mẹ́wàá láti ilẹ̀, mẹ́wàá láti orí igi.

Ohun tí mo bá níbẹ̀ lórí, orí rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, ó ní ẹsẹ̀ kéékèèké lábẹ́ àyà. Èyí tó ti dàgbà nínú wọn pọ́n lára bí ẹni tí wọ́n fi osùn pa. Ẹyọ kan ni mo ń bá nínú èso kan, ihò tó gbà wọlé sì ní ìgbẹ́ rẹ̀ lẹ́nu bí ìyẹ̀fun pákó. Ọmọ labalábá alẹ́ nìyẹn, Thaumatotibia leucotreta ni wọ́n ń pè é. Methyl eugenol kò kàn án rárá.

Ìdin eṣinṣin kò jọ ọ́. Kò lẹ́sẹ̀, kò lórí tí èèyàn lè tọ́ka sí. Funfun ni, ẹ̀yìn rẹ̀ kù bìrìpé, iwájú rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, ìwọ̀ dúdú méjì tín-ín-rín wà lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n sì máa ń pọ̀ nínú èso kan. Bí o bá fẹ́ mọ̀ dájú, da èyí tó ti dàgbà sórí àwo. Yóò tẹ ara rẹ̀ po, yóò fi ẹnu kan ìdí, yóò sì ta pọ́ún! Mo ti rí èyí tó fò kúrò lórí àwo bọ́ sí itan mi. Ìdin labalábá kì í fò bẹ́ẹ̀, yóò kàn máa rá pálá lọ ni.

Bí ihò bá sì wà lára èso, tó rí róbótó bí ẹni pé wọ́n fi ìṣó gún un, tí inú rẹ̀ ń rà, tí kò sí ìdin kankan, labalábá ńlá tó máa ń fi ẹnu gún èso lóru nìyẹn. Gbé tọ́ọ̀ṣì lọ sóko lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ṣú, o ó bá a lẹ́nu iṣẹ́.

ỌmọOlóko

Ẹ ṣé gan-an mà. Mo la ogún èso bí ẹ ṣe wí. Tánjárínnì mẹ́ta láti ilẹ̀ ní ìdin, ó funfun, kò lẹ́sẹ̀, ó fò. Eṣinṣin ni o. Lórí igi, kò sí ìkankan tó ní ìdin, àfi méjì tó ní ojú abẹ́rẹ́ lára, tí àyíká rẹ̀ ti ń yí sí àwọ̀ ọsàn pípọ́n ṣáájú ibi tó kù. Ọsàn wẹ́wẹ́ kò ní nǹkankan. Kí ló fà á?

Olùkọ́Kòkòrò

Ojú abẹ́rẹ́ méjì yẹn ni kí o fọkàn sí. Abo ti gún wọn. Ṣùgbọ́n gbogbo èyí tó bá gún kọ́ ló ń di ìdin. Òróró inú èèpo ọsàn, èyí tó máa ń ta síni lójú bí a bá ń bó o, májèlé ni fún ẹyin àti ìdin kékeré. Bí èso bá ṣì tutù, òróró yẹn pọ̀, púpọ̀ nínú ẹyin ló ń kú sínú èèpo. Bí èso bá ti ń pọ́n, ààbò yẹn ń dín kù, èèpo ń rọ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọ̀ èso fi jẹ́ aago fún ẹni tó ń gbin ọsàn: ìgbà tí àwọ̀ ewé bá ti bẹ̀rẹ̀ sí kúrò lára rẹ̀ ni ewu bẹ̀rẹ̀, yálà ìdẹ kún tàbí kò kún.

Ọsàn wẹ́wẹ́ àti lẹ́mọ́ọ̀nù ló le jù fún un láti wọ̀, àfi èyí tó bá pọ́n jù tàbí tó ní ọgbẹ́. Tánjárínnì, ọsàn mímu àti girépú ni kí o máa ṣọ́.

Ohun kan tún wà tí kò yẹ kó pamọ́. Akọ nìkan ni methyl eugenol ń pè. Akọ lè ti oko ẹlòmíràn wá, kó kú sínú ife rẹ, tó sì jẹ́ pé abo kò tíì débẹ̀. Abo sì lè wà nínú oko rẹ nígbà tí iye akọ ń lọ sílẹ̀. Gbé ìdẹ oúnjẹ kan tàbí méjì kún wọn, èyí tó ní ìwúkàrà tàbí èròjà purotéènì tí wọ́n pò mọ́ omi. Abo tó ń wá ohun tí yóò fi mú ẹyin rẹ̀ gbó á bọ́ sínú rẹ̀. Kò ní kún bí ti akọ. Ṣùgbọ́n abo mẹ́ta níbẹ̀ sọ ohun tí ọgbọ̀n akọ kò lè sọ.

ÒtútùMúMi

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ̀rọ̀ òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn, ibi tí èmi ti ń gbin ọsàn, òtútù ni aago wa. Ceratitis capitata ni tiwa. Ó kéré sí tiyín, ìyẹ́ rẹ̀ ní àdíkálà, methyl eugenol kò pè é, trimedlure là ń lò fún akọ rẹ̀.

Bí ooru bá ti sún mọ́ 10, dídàgbà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró. Nígbà òtútù, ìdẹ ṣófo bíi ti ẹ̀ẹ̀rùn yín gẹ́lẹ́. Iye rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí gòkè bí ilẹ̀ ṣe ń móoru, ó sì máa ń ga jù ní ìparí ìgbà ooru, tó bọ́ sí àsìkò tí tánjárínnì tó ń tètè pọ́n ń yí àwọ̀. Ẹ wo bó ṣe bára mu! Àwọn ọsàn tó pẹ́ lórí igi, tí a fi sílẹ̀ nítorí pé wọn ò tó kó lọ ta, àwọn ni afárá tó fi ń kọjá òtútù. Ìdin inú wọn á máa dàgbà jẹ́jẹ́, hóró inú ilẹ̀ á pẹ́ níbẹ̀, bí ilẹ̀ bá ti ń móoru, wọ́n á jáde. Láti ìgbà tí mo ti ń ká èyí tó ṣẹ́kù lórí igi tán pátápátá, pẹ̀lú èyí tó ti bàjẹ́, iye tí mò ń bá ní ìbẹ̀rẹ̀ ooru kò dà bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ọ̀nà kan wà tó jẹ́ kí n mọyì ìgbà tí iye rẹ̀ bá kéré. Àwọn kan máa ń tọ́ eṣinṣin ní mílíọ̀nù mílíọ̀nù, wọ́n á fi ìtànṣán sọ akọ wọn di àgàn, wọ́n á tú wọn sínú oko kí wọ́n lè bá abo inú igbó gùn. Ẹyin tí abo náà bá yé kò ní pa. Wọ́n lò ó ní gúúsù Mẹ́síkò, wọ́n sì ti lé Ceratitis kúrò níbẹ̀ tó fi di 1982. Ọ̀nà yìí kì í ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà tí eṣinṣin bá pọ̀, torí akọ àgàn á sọnù sáàárín ogunlọ́gọ̀. Ìgbà tó bá kéré ni wọ́n máa ń fẹ́ tú wọn. Agbára wa kò gbé ilé ìtọ́-eṣinṣin, ṣùgbọ́n àsìkò yẹn kan náà ni mo fi ń ṣiṣẹ́ tèmi.

Ọ̀dọ́Àgbẹ̀

Gbogbo èyí dára, ṣùgbọ́n ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń fín gbogbo oko, èso mi kò bàjẹ́ púpọ̀. Ẹ má sọ pé kò ṣiṣẹ́.

BàbáỌlọ́sàn

Mi ò ní kò ṣiṣẹ́. Ìdin wà nínú èso, hóró wà nínú ilẹ̀, ẹyin wà lábẹ́ èèpo. Oògùn tó o fín sára ewé, èwo nínú wọn ló kàn? Àgbà eṣinṣin nìkan ló kàn, àti gbogbo kòkòrò tó ń bá ọ ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Jẹ́ kí n sọ ìtàn kan fún ọ. Kòkòrò funfun kan tó rí bí òwú, Icerya purchasi, fẹ́rẹ̀ẹ́ pa gbogbo ọsàn California run láyé àtijọ́. Ní ìparí ọdún 1888, wọ́n ti Ọsirélíà kó kòkòrò pupa kékeré kan wá, aláàmì dúdú lẹ́yìn, tó jẹ́ pé òun ló ń jẹ ẹ́. Kò pé ọdún méjì, ó ti ká a lápá kò. Nígbà tó di àwọn ọdún 1940 tí oògùn apakòkòrò DDT dé, tí wọ́n ń fín in kiri, kòkòrò pupa yẹn kú, ẹni òwú sì padà dé. Oògùn ni wọ́n fi gbé ọ̀tá dìde.

Bí o bá wo abẹ́ ewé ọsàn rẹ dáadáa, ṣé o kò rí kòkòrò pẹlẹbẹ tó lẹ̀ mọ́ ọn bí ìpẹ́ ẹja?

Ọ̀dọ́Àgbẹ̀

Bàbá, ta ló sọ fún yín? Ó ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Mo rò pé ilẹ̀ ló fà á.

Olùkọ́Kòkòrò

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀sẹ̀ jíjẹun tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Abo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ń wá purotéènì lójú méjèèjì. Bí o bá po oúnjẹ purotéènì mọ́ oògùn díẹ̀, irú spinosad, kò sídìí láti fín gbogbo igi. Fín ojú kan ṣoṣo lábẹ́ ewé, tó fẹ̀ bí ojú àbọ́ ńlá, níbi tí òjìji wà, lórí igi kọ̀ọ̀kan tàbí lórí ìlà kan kí o fo ìkejì. Abo á wá bá a fúnra rẹ̀. Oògùn díẹ̀ ni, èso kò kàn án, àwọn kòkòrò tó kù nínú oko sinmi.

Bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí èso tó yí àwọ̀, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, kí o máa ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí o ó fi ká a tán. Òjò á máa fọ̀ ọ́ lọ, wàá tún un ṣe. Ka ohun tí wọ́n kọ sára ike oògùn nípa iye ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ wà láàárín fífín àti kíká. Tìẹ, ỌmọOlóko, ti pẹ́ díẹ̀ fún tánjárínnì. Bẹ̀rẹ̀ lónìí, ọsàn mímu á jàǹfààní rẹ̀.

Ìdẹ akọ nìkan, ṣé ó lè kó wọn tán? Ó ti ṣe é rí ní erékùṣù Rota nínú òkun Pàsífíìkì, láàárín àwọn ọdún 1960. Òkun ló yí i ká, kò sí aládùúgbò tí eṣinṣin yóò ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ fò wá. Oko rẹ kì í ṣe erékùṣù.

ÌyáTánjárínnì

Èmi ò mọ Rota, abẹ́ igi ni mo mọ̀. Máa ṣa èso tó já sílẹ̀, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Bí o bá fi í sílẹ̀ títí di ọ̀sẹ̀ kejì, ìdin ti jáde lọ, ìdọ̀tí lásán lò ń kó. Má sì kó o jọ sí ẹ̀gbẹ́ oko bí òkìtì, ìyẹn ni pé o kọ́ ilé fún un. Mo máa ń dì í sínú ọ̀rá dúdú, mo á so ẹnu rẹ̀ pa, mo á gbé e sínú oòrùn fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ooru inú ọ̀rá á sè wọ́n. Bí oòrùn kò bá sí, mo á gbẹ́ ihò tó jìn tó ìdajì mítà, mo á bò ó dáadáa, mo á tẹ̀ ẹ́. Èyí tí wọ́n bá sin lóréfèé, bíi gbígbin ìdin ni.

Aláìlóko

Igi mẹ́ta péré lèmi ní lẹ́yìn ilé. Ṣé gbogbo wàhálà yìí kàn mí?

ÌyáTánjárínnì

Ó kàn ọ́ jù, torí ilé rẹ lè jẹ́ ibi tí tiwa ń sá sí. Fi àpò ìwé bo èso kọ̀ọ̀kan kó tó pọ́n, kí o so ẹnu rẹ̀ mọ́ ẹ̀ka. Igi mẹ́ta, irọ̀lẹ́ méjì lo fi ṣe é tán.

ỌmọOlóko

Mo ti padà o, ó di ọ̀sẹ̀ kẹrin. Mo rí igi yẹn! Gúáfà ni, lẹ́yìn ọgbà lẹ́bàá odò kékeré, àwọn ọmọ tó ń pọnmi nìkan ló ń ká a. Èso jíjẹrà tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ bí ẹní. Mo fi ṣíbí wa ilẹ̀ ibẹ̀, kò jìn ju ìka kan lọ, mo sì ka hóró 31 níbi tí kò fẹ̀ ju àwo lọ. Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn tí mo fi ń yọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé.

A ti ṣa gbogbo èso ilẹ̀ náà sínú ọ̀rá. Ìdẹ mi ka 2, ó ka 3, ó ka 3, ọ̀sẹ̀ yìí ó ka 1. Tánjárínnì bàjẹ́ díẹ̀, ọsàn mímu ṣì mọ́ títí di ìsinsìnyí.

Ohun kan ló wá yà mí lẹ́nu. Mo kó hóró 31 yẹn sínú ìgò pẹ̀lú yanrìn tútù díẹ̀, mo fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dé e kí n lè rí ohun tí yóò yọ. Eṣinṣin yọ, ìlà aláwọ̀ ìyeyè méjì wà léjìká rẹ̀, àmì dúdú sì wà ní ikùn rẹ̀ bí lẹ́tà T. Ṣùgbọ́n mẹ́rin nínú ohun tó yọ kì í ṣe eṣinṣin. Wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ bí agbọ́n tí kò jẹun kánú, ìwo orí wọn gùn, ìdí wọn sì ní nǹkan gígùn bí irun.

Olùkọ́Kòkòrò

Ṣé o ò tíì pa wọ́n? Agbọ́n kéékèèké tó ń fi ọmọ rẹ̀ sínú ẹyin tàbí ìdin eṣinṣin nìyẹn. Ọmọ rẹ̀ á jẹ ẹ́ tán nínú hóró, òun ni yóò sì yọ dípò eṣinṣin. Ọ̀kan lára wọn, Fopius arisanus, ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ tú sílẹ̀ ní Hawaii àti ní Áfíríkà nítorí Bactrocera dorsalis. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń kó èso jíjẹrà sínú àgọ́ tí wọ́n fi àwọ̀n bò. Ojú àwọ̀n náà kéré débi pé eṣinṣin kò lè jáde, ṣùgbọ́n agbọ́n yìí á gba ibẹ̀ kọjá.

ỌmọOlóko

Mi ò pa wọ́n. Mo ti gbé ìgò lọ sábẹ́ igi gúáfà náà, mo ká etí aṣọ sókè díẹ̀, mo sì ń fi ìka dí ibi tó fẹ̀ jù. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti lọ. Eṣinṣin ṣì wà nínú ìgò.